Ẹ Má Tíì Ju Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Nù: Bí A Ṣe Ń Fi Owó Kékeré Sọ Ọ́ Dọ̀tun

Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wà nínú ilé wa ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, tòkunbọ̀ ni. Dell Latitude, HP EliteBook àti ThinkPad ti Lenovo wà lára àwọn tí a mọ̀ jù. Àwọn ilé iṣẹ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ lò wọ́n, kí wọ́n tó tà wọ́n fún àwọn oníṣòwò tó ń kó wọn wá sí Èkó. Nígbà tí a bá fi máa rà wọ́n ní Computer Village ní Ìkẹjà, wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan; bí àwa náà bá sì ti lò wọ́n títí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. A ó tẹ bọ́tìnnì, a ó lọ wẹ̀, a ó padà dé, Windows kò ní tíì ṣí tán. Ọmọ tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ fún ìdánwò JAMB á jókòó tì í, akọ̀wé ìjọ tó fẹ́ tẹ ètò ìsìn á máa kanra. Ohun tó máa ń sọ sí wa lọ́kàn ni pé kọ̀ǹpútà yìí ti kú, kí a tètè wá owó òmíràn.

Ẹ dá ọwọ́ dúró ná. Kọ̀ǹpútà tó ń falẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ kọ́ ló gbó. Ẹ̀yà kan tàbí méjì ló sábà máa ń fa àwọn yòókù sẹ́yìn, ẹ̀yà ọ̀hún sì lè má wọ́n rárá. Ìka tó tọ́ símú la fi ń re imú. Ẹni tó bá mọ ibi tí ìdènà wà, tó sì mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú nínú àtúnṣe, lè tún rí ẹ̀rọ rẹ̀ lò dáadáa fún ọdún mélòó kan. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ó lè kó owó ńlá lé ibi tí kò dun ẹ̀rọ náà rárá.

Àyẹ̀wò ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Task Manager á yọjú. Bó bá jẹ́ orúkọ àwọn áàpù nìkan ló fi hàn, ẹ tẹ “More details” nísàlẹ̀, kí ẹ sì lọ sí “Performance”. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí CPU, Memory àti Disk, pẹ̀lú ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà ń lò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa ṣe iṣẹ́ yín bí ẹ ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa wo àwọn òǹkà náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí Disk bá dúró sí 100% nígbà tí ẹ kò tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ kan gbòógì, hard disk ni wàhálà. Bí Memory bá ti kọjá 85% tí kò sì sọ̀ kalẹ̀, RAM ni kò tó. Bó bá jẹ́ CPU ló ń wà ní 100% ní gbogbo ìgbà, ẹ fura sí kòkòrò kọ̀ǹpútà, sí ooru, tàbí sí iṣẹ́ tó ju agbára ẹ̀rọ náà lọ. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀ kí ẹ tó lọ bá oníṣẹ́. Oníbàárà tó mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ kò rọrùn láti rẹ́ jẹ.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ẹ ṣe ìmọ́tótó. Nínú Task Manager kan náà, ẹ ó rí abala “Startup”, níbi tí orúkọ àwọn áàpù tó máa ń dìde fúnra wọn gbàrà tí kọ̀ǹpútà bá ṣí wà. Èyí tí ẹ kò bá nílò, ẹ tẹ “Disable” fún un. Antivirus méjì kì í gbé inú kọ̀ǹpútà kan. Wọn á máa dí ara wọn lọ́wọ́ lórí fáìlì kan náà ni, Defender tó bá Windows wá sì tó fún ìlò ilé. Bí àyè disk bá ti kún dẹ́nu, ẹ kó fíìmù àti fídíò lọ síbòmíràn, kí nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lè ṣófo.

Ohun kékeré kan tún wà tó máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Bí ọjọ́ àti aago kọ̀ǹpútà bá ń padà sí ọdún àtijọ́ nígbàkígbà tí a bá yọ ọ́ kúrò lára iná, ojúlé báńkì àti Gmail lè kọ̀ láti ṣí. Ìwé ẹ̀rí ààbò àwọn ojúlé wọ̀nyí ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Kọ̀ǹpútà tí aago rẹ̀ ti ṣìnà á rò pé ìwé náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwa á máa bú nẹ́tíwọ̀kì, bẹ́ẹ̀ bátìrì roboto kékeré tó ń jẹ́ CR2032, oní 3 volt, ló ti kú lórí pátákó inú ẹ̀rọ. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á, pípààrọ̀ rẹ̀ kò sì gba àkókò púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́.

Eruku náà ń jà. Nígbà ọyẹ́, eruku ilẹ̀ wa máa ń wọ inú fáànù lọ, á sì dí ihò tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà jáde. Processor, ìyẹn CPU, kò ní dúró kó jóná. Bí ooru rẹ̀ bá ń súnmọ́ 100°C, á mọ̀ọ́mọ̀ dín ìyára rẹ̀ kù kó lè dáàbò bo ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà kan fi máa ń já fáfá ní òwúrọ̀, tó sì máa ń wọ́ nílẹ̀ bí oòrùn bá mú. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ tú u, kó gbá eruku inú fáànù nù, kó nu thermal paste tó ti gbẹ kúrò lórí processor, kó sì fi tuntun sí i. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ yé gbé e sórí ibùsùn tàbí ìrọ̀rí, torí aṣọ máa ń bo ihò abẹ́ rẹ̀. Orí tábìlì ni ààyè rẹ̀.

Bí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé Disk ni ìdènà, ibẹ̀ ni kí owó àkọ́kọ́ lọ. Fún kọ̀ǹpútà tó ṣì ń lo hard disk, kò sí àtúnṣe tí èrè rẹ̀ hàn sójú tó kí a yọ hard disk yẹn, kí a fi SSD rọ́pò rẹ̀. Àwo ló wà nínú hard disk, tó ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Apá tínńrín kan ń lọ síwá sẹ́yìn lókè àwo náà láti wá ibi tí fáìlì wà. Wíwá kan lè gba nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Lójú wa, kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n kí Windows tó ṣí, ó ní láti wá ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké tó fọ́n ká sórí àwo náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdádúró tirẹ̀. Ibẹ̀ ni àkókò wa ń bá lọ.

SSD kò ní àwo, kò ní apá, kò sí ohunkóhun tó ń yí nínú rẹ̀. Orí flash ló ń tọ́jú nǹkan sí, ìmọ̀ ẹ̀rọ tí Fujio Masuoka gbé jáde ní ilé iṣẹ́ Toshiba ní Japan láàárín ọdún 1980 sí 1989. Ibi yòówù kí fáìlì wà, ó lè kàn án láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbàárùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá sì jẹ́ fáìlì ńlá kan ṣoṣo la fẹ́ kà, hard disk kọ̀ǹpútà alágbèéká lè gbé nǹkan bí 100MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, SSD oní SATA á gbé tó 500MB. Kọ̀ǹpútà tó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó ṣí lè wá máa ṣí kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Iná tí SSD ń jẹ kéré, ìgbọ̀nrìrì ọkọ̀ lójú ọ̀nà kò sì lè mú kí apá kan fi ara gbo àwo, torí kò ní wọn.

Kí ẹ tó rà á, ẹ mọ irú èyí tí ẹ̀rọ yín ń gbà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ọdún 2011 sí 2014, irú Latitude E6430 tàbí ThinkPad T430, SSD 2.5-inch oní SATA ló bá ibi tí hard disk wọn wà mu. Púpọ̀ nínú àwọn tó jáde lẹ́yìn wọn ní ihò M.2, ṣùgbọ́n M.2 oní SATA wà, M.2 oní NVMe náà wà. Ihò mìíràn kì í gbà ju ọ̀kan lọ nínú méjèèjì, nítorí náà ẹ yẹ ìwé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà gbé síta wò kí ẹ tó sanwó. SSD 240GB tàbí 256GB tó fún Windows, áàpù àti ìwé iṣẹ́. Bí hard disk àtijọ́ bá ṣì pé, ẹ má ṣe sọ ọ́ nù: a lè fi caddy gbé e sí ibi tí ẹ̀rọ CD wà tẹ́lẹ̀, kó máa tọ́jú fíìmù àti àwòrán. Oríṣi sísanra méjì ni caddy yẹn ní, 9.5mm àti 12.7mm, ẹ sì wọn ti yín kí ẹ tó jáde nílé.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. SSD àti flash wà lọ́jà tí wọ́n kọ 1TB sí lára, tó sì jẹ́ pé ohun tí wọ́n lè gbà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á sọ pé 1TB ló rí, torí wọ́n ti kọ́ ẹ̀rọ náà ní irọ́. Ìgbà tí fáìlì bá kún un kọjá ibi tó lè gbà dé ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ba ohun tí a kó sí i jẹ́. Ẹ rà á ní ṣọ́ọ̀bù tó ń kọ rìsíìtì, tó sì fún yín ní gáráǹtì. Ní ọjọ́ tí ẹ bá gbé e délé gan-an ni kí ẹ fi áàpù ọ̀fẹ́ H2testw dán an wò, á kọ nǹkan kún un, á sì tún kà wọ́n padà. CrystalDiskInfo, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, á fi ìlera rẹ̀ hàn àti iye wákàtí tí wọ́n ti lò ó. Òun ló lè táṣìírí SSD àlòkù tí wọ́n ń tà bíi tuntun.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan disk, ẹ ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì yín sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè fi áàpù bíi Clonezilla ṣe ẹ̀dà gbogbo disk àtijọ́ sórí tuntun, ẹ sì lè gbé Windows sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi fara mọ́ èkejì, nítorí pàǹtírí ọdún pípẹ́ kò ní bá wa wọ ilé tuntun. Kọ̀ǹpútà tó bá Windows 8 tàbí èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́ sábà máa ń ní nọ́ńbà àṣẹ Windows nínú pátákó rẹ̀, kò sì sí ìdí tí oníṣẹ́ fi máa gba owó ayédèrú àṣẹ lọ́wọ́ yín.

RAM ló kàn. Bí a bá fẹ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ìyá tó pàtẹ síwájú ṣọ́ọ̀bù, tó sì ní yàrá ìkẹ́rù lẹ́yìn. Disk ni yàrá ìkẹ́rù, RAM ni àtẹ. Ohun tí oníbàárà bá bèèrè, orí àtẹ ni ìyá ti ń mú un fún un. Bí àtẹ bá kéré, á máa kó ọjà kan wọlé kó tó lè gbé òmíràn jáde, oníbàárà á sì máa dúró. Ohun tí kọ̀ǹpútà oní 2GB tàbí 4GB ń ṣe nìyẹn nígbà tí a bá ṣí Chrome, Word àti WhatsApp pọ̀. SSD mú kí ìrìn yàrá ìkẹ́rù yá, ṣùgbọ́n kò sọ àtẹ di ńlá. 8GB tó fún iṣẹ́ ilé, ilé ìwé àti ọ́fíìsì. Ẹni tó ń ṣe fídíò tàbí àwòrán ńlá ni kó wá 16GB.

Irú RAM pọ̀, wọn kì í sì í pààrọ̀ ara wọn. DDR3 dé ọjà ní 2007, DDR4 ní 2014. Ibi tí wọ́n gé lára ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, kí a má baà lè ki ọ̀kan sínú ihò èkejì. Nínú DDR3 pàápàá, DDR3L wà, tó ń lo 1.35 volt dípò 1.5. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń lo Intel ìran kẹrin, bíi EliteBook 840 G1, DDR3L ló fẹ́. Áàpù ọ̀fẹ́ CPU-Z á sọ irú tí tiyín ń lò, Task Manager á sì sọ iye ihò tó wà àti iye tó ti kún. Bó bá jẹ́ pé ihò méjì wà, 4GB méjì máa ń yára díẹ̀ ju 8GB ẹyọ kan lọ, torí processor lè máa bá méjèèjì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kíyè sí i pé ilé iṣẹ́ ti jó RAM àwọn ẹ̀rọ kan mọ́ pátákó, bíi MacBook Air àti ThinkPad X1 Carbon. Ohun tí ẹ bá ní lára wọn náà ni ẹ ó máa lò. Bí Windows yín bá sì jẹ́ 32-bit, kò lè lò ju 4GB lọ, iye yòówù kí ẹ kó sí i. 64-bit ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sí i. Kò sí ohun tó ń yí nínú RAM, nítorí náà àlòkù rẹ̀ kò burú, bí MemTest86 bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tí kò rí àṣìṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lè ṣe é. Ẹ pa kọ̀ǹpútà pátápátá, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè jáde. Nígbà ọyẹ́, iná kékeré máa ń gbára jọ sí ara wa, ó sì lè ba chip jẹ́ láìjẹ́ pé a mọ̀. Ẹ fọwọ́ kan irin kí ẹ tó fọwọ́ kan RAM. Ẹ tì í wọlé ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ títí tí ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á fi dì í mú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí kò bá wọlé, ẹ yí i padà wò, ẹ má fi agbára tì í.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè fò. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ààbò Windows 10 dúró, àyàfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún. Windows 11 sì ń béèrè chip ààbò tó ń jẹ́ TPM 2.0 àti processor Intel ìran kẹjọ sókè, tí àwọn tòkunbọ̀ àtijọ́ kò ní. Ọ̀nà àbáyọ ni Linux, ètò tó lè rọ́pò Windows, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Linux Mint, ẹ̀yà Xfce rẹ̀, fúyẹ́, ọ̀fẹ́ ni, àtúnṣe ààbò rẹ̀ sì ń wọlé déédéé. Ẹ lè gbé e sórí flash kí ẹ dán an wò láìfọwọ́ kan ohun tó wà lórí disk. Firefox ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, LibreOffice sì ń ṣí ìwé Word. Àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi àmì ohùn kọ̀wé bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n áàpù tí wọ́n ṣe fún Windows nìkan, bíi Photoshop, kò ní ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ ṣàkójọ àwọn áàpù tí ẹ kò lè ṣe aláìní kí ẹ tó pinnu.

Bátìrì ló gbẹ̀yìn nínú ohun tó yẹ kí a náwó lé, nítorí pé iná wa kì í dúró. Ẹ tẹ “powercfg /batteryreport” sínú Command Prompt. Ìwé tó máa gbé jáde á sọ agbára tí bátìrì ní nígbà tó wà ní tuntun àti èyí tó kù. Bó bá ti wú, ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ má sì gún un tàbí tẹ̀ ẹ́, torí ó lè gbiná. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà orí tábìlì, UPS ni kó fi dáàbò bo disk rẹ̀ lọ́wọ́ iná tó ń lọ láìdágbére.

Ó níbi tó yẹ ká dúró sí. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bí pátákó inú kọ̀ǹpútà bá ti jóná, bí ojú rẹ̀ bá ti fọ́ tí bátìrì náà sì ti kú, ẹ ṣírò owó àtúnṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí àròpọ̀ náà bá ti tó ìdajì owó tòkunbọ̀ tó dára jù ú lọ, ẹ fi owó yín pamọ́ sápò. Ẹ má rà ju ohun tí iṣẹ́ yín ń béèrè lọ, ẹ má sì tẹ̀ lé ẹni tó ń rọ̀ yín láti pààrọ̀ processor kọ̀ǹpútà alágbèéká, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ti jó mọ́ pátákó. Nígbà tí ọjọ́ ríra òmíràn bá dé, ẹ ka nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i3, i5 tàbí i7: i5-3320M jẹ́ ìran kẹta, i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, i5-10210U jẹ́ ìran kẹwàá. Ẹ má ṣe ra èyí tó kéré sí ìran kẹjọ, bó ti wù kí ara rẹ̀ máa dán tó.

Nítorí náà, ẹ ṣe àyẹ̀wò ṣáájú, kí ẹ ṣe ìmọ́tótó tó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ẹ ra SSD, kí ẹ fi RAM kún un bó bá yẹ, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ tún lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó ná owó mìíràn, torí ó ṣeé ṣe kí èyí tí ẹ ti ṣe ti tó. Bí ẹ bá sì rí owó ra tuntun lọ́la, ẹ má jẹ́ kí ti àtijọ́ yìí jókòó sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ fún ọmọ tó ń kọ́ bí a ṣe ń tẹ̀wé, tàbí ilé ìwé tó wà ládùúgbò yín. Iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.